Àpò Lẹ́tà Níwájú Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn ni wọ́n fún mi: tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, àti àpótí irin tó ní àgádágodo. Àpò lẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nínú àpótí náà, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá, dókítà etí àti imú, kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Màmá Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa ṣí i, bí nọ́ńbà bá ṣe tẹ̀ léra, níṣojú aláìsàn. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lonítọ̀hún máa lò. Èmi ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó ṣí i. Orí oníkálukú ló máa pín in fún un."

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kápúsù tó ń pa kòkòrò, oògùn tí wọ́n ń fín sínú imú, àti omi iyọ̀ lásán tí èèyàn á máa fi fọ imú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà nìkan la fẹ́, àwọn tí kátà ti mú tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò fẹ́ lọ, tí ihò inú egungun ojú wọn ti kún fún ọyún. Ní ọjọ́ kẹwàá ìtọ́jú, Ọ̀gá á yẹ̀ wọ́n wò láìmọ ohun tí wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe mọ èyí tó yá jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi nìkan ló mọ ìdí tí mo fi bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí Káfíńtà, ọkọ mi, ti kú. Kátà ló mú un. Èmi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún ni mo sọ fún un pé ọ̀fìnkìn lásán ni, kó máa fi omi iyọ̀ fọ imú, kò ní pẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kejìlá, ojú òsì rẹ̀ wú. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó kú. Wọ́n ní ọyún náà ti dé ọpọlọ. Mo fẹ́ kí ìwádìí yìí sọ fún mi bóyá kápúsù ì bá gbà á là. Kò sí ohun mìíràn tí mò ń wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Òjò láti ìdájí. Aláìsàn kan ṣoṣo ló wá, tísà obìnrin kan tó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Mo ṣí nọ́ńbà kìíní. Omi iyọ̀. Ó wo ìwé náà, ó wá wò mí.

"Nọ́ọ̀sì, iyọ̀ wà nílé mi o. Àbí èyí tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí yìí dùn ju tèmi lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ọmọ mi pè. Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi sọ̀rọ̀: ara mi le, ara tirẹ̀ náà le, òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ mi, oòrùn mú lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tíì wálé láti ìgbà tá a ti sin bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, níbi tí mo ti ń ká aṣọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kápúsù, Màmá. Kápúsù tẹ́ ẹ̀ ń fún gbogbo ayé." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ tán, ó lọ gbé báàgì rẹ̀. Látìgbà náà, òjò àti oòrùn là ń sọ.

Mo sọ fún un nípa ìwádìí náà lónìí. Ó wá ní, "Tí èsì ẹ̀ bá jáde, ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Ọjọ́ Ajé, 13

Ẹ̀wù iṣẹ́ Káfíńtà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. N kò fọ̀ ọ́, n kò sì ní fọ̀ ọ́. Láràárọ̀ kí n tó jáde, mo máa ń fi imú sí ọrùn ẹ̀wù náà: lẹ́bú igi, àtè tó fi ń lẹ pákó, àti òun fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó lè di ojú, kó fi imú mọ igi tí wọ́n fi kan àga. Nínú àìsàn yẹn, ó gbé pákó kan sí imú, ó ní, "Ìyá, mi ò gbóòórùn nǹkan kan o." Mo ní kó lọ fọ imú rẹ̀.

Bébà ìnumú tún ti gbówó lórí. Àwọn aláìsàn ti ń mú àkísà wá látilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Láàárọ̀, èèyàn méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé ilé ìfowópamọ́, ó ń ka ìwé ìròyìn. Èkejì jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ó fọwọ́ méjèèjì gbá orí mú, ó ń kérora. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ dé. Mo mú àpò lẹ́tà nọ́ńbà 13 jáde. Oòrùn ti yọ, ó ń wọlé tààrà láti ojú fèrèsé. Mo gbé àpò náà sókè láti ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo rí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kedere: KÁPÚSÙ.

Ó yẹ kí n gbé e sílẹ̀, kí n pe akọ̀wé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo mú nọ́ńbà 14, mo gbé òun náà síwájú fèrèsé. OMI IYỌ̀.

Mo yọjú sí wọn níta. Awakọ̀ ti di ojú òsì rẹ̀ nítorí ìrora. Ojú òsì náà ni, bíi ti Káfíńtà. Mo ní, "Awakọ̀, ẹ̀yin lẹ kàn, ẹ wọlé." Akọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Èèyàn ń jẹ̀rora, oògùn wà lọ́wọ́ mi, mo fún un. Kí ló burú níbẹ̀? Ọ̀gá ní orí ni kó pín in. Mo ti rí ohun tí orí pín fún Káfíńtà.

Ọjọ́rú, 29

Awakọ̀ wá fún àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní nígbà tí egungun ojú ń dun òun, àfi bíi pé ẹnì kan ń kan ìṣó síbẹ̀ láti inú. Ó ní, "Àwọn àgbà kúkú ti wí i, Màmá, ohun tó bá ojú ló bá imú." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ọjọ́ tí ohun tó bá imú lọ bá ojú.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti ṣe é báyìí. Mò ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ nọ́ńbà wọn sẹ́yìn ìwé yìí, n kò mọ ohun tí mò ń kọ wọ́n fún. Oòrùn ni mo máa ń dúró dè. Tó bá ti yọ, mo máa ń wo méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni mo máa ń jáde lọ wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Èyí tó bá ń kérora jù ni mo máa ń pè sí kápúsù. Tí kò bá tíì dé, mo máa ń sọ fún èyí tó dé pé kọ́kọ́rọ́ ń dà mí láàmú, kó jókòó díẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, n kì í rí nǹkan kan.

Ọ̀gá yìn mí lójú gbogbo èèyàn, ó ní n kì í fi nǹkan ṣeré. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kọkànlá

Aránṣọ kan wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Ó jókòó gbọnrangandan, ó kó ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Mo ní tí wọ́n bá ní kó fún ìrora rẹ̀ ní máàkì láti òdo dé ẹ̀wá, mélòó ló máa fún un. Ó ní mẹ́ta. Ọkùnrin oníṣòwò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ké débi tí àwọn tó wá gba oògùn fi ń yọjú. Òun ní mẹ́wàá, ó ní ká má tiẹ̀ bínú, mọ́kànlá ni.

Aránṣọ ló ni nọ́ńbà 48, kápúsù ló sì wà nínú rẹ̀. Mo fún oníṣòwò. Aránṣọ gba 49, omi iyọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì fara balẹ̀ ka ìwé ìlò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo pe àwọn aláìsàn lórí fóònù. Oníṣòwò ti ń jẹun, ó ní kí Ọ̀gá wá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ òun. Aránṣọ ní, "Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, Màmá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí mi." Mo ní máàkì mélòó. Ó ní mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọ́n fa Aránṣọ lọ́wọ́ wọlé láàárọ̀ yìí. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n, ó ń dán. Mo rí i láti ìdí tábìlì mi. Ọ̀gá ò tiẹ̀ dúró gbọ́ àlàyé. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí i lára lójú ẹsẹ̀.

Mo wo ìwé tó fi ń kọ máàkì rẹ̀ lójoojúmọ́. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, títí dé àná.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ jókòó tì í. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

Ó ní, "Màmá, àwọn tá a jọ wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn ń ké jù mí lọ. Ó tì mí lójú. Mo ní ẹni tí tiẹ̀ le ló yẹ kó ké."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Káfíńtà náà kì í ké. Ìṣó gún un wọ àtẹ́lẹwọ́ rí, kò sọ fún mi àfi ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣíbí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, mo rò pé òun ni mò ń tọ́jú, mo rò pé òun ni mò ń pè wọlé láti orí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó ń ké ni mò ń fún ní kápúsù. Ká ní òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, omi iyọ̀ ni ǹ bá tún fún un.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ojú Aránṣọ tó wú ti ń lọ sílẹ̀. Ó ríran. N kò gbé àpò lẹ́tà kankan síwájú fèrèsé mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Mo ti fi aṣọ bo fèrèsé náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Nọ́ńbà 84 jáde lónìí. Wọ́n pín bisikíìtì àti ohun mímu. Àpótí irin ṣófo.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kejìlá

Oníṣirò wá. Ọmọbìnrin kékeré ni, ó máa ń jẹ ìdí lẹ́ẹ̀dì, òun ni wọ́n gbà láti bá wa ka gbogbo ìwé náà. Ó tẹ́ èsì rẹ̀ sórí tábìlì Ọ̀gá.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ju ara wọn lọ," ó ní. "Àwọn tó lo kápúsù, ọjọ́ mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kí ara wọn tó yá. Àwọn tó lo omi iyọ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Àwọn tó ń fín oògùn sínú imú náà, bákan náà ni."

Ọ̀gá ní, "Kápúsù ò ṣe nǹkan kan?"

"Ohun tí ìwé wí nìyẹn, sà. Nǹkan kan ló kàn yà mí lẹ́nu. Àìsàn àwọn tó lo kápúsù le ju tàwọn yòókù lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Àmọ́ orí lè pín in bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rín náà. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Mo pe ọmọ mi fúnra mi. Mo sọ ohun tí Oníṣirò sọ. Kápúsù ò ju omi iyọ̀ lọ.

Ó ní, "Ẹ tún un sọ, Màmá."

Mo tún un sọ. Ẹkún ló kọ́kọ́ gbà á, irú ẹkún tó máa ń sun nígbà tó wà ní kékeré, tí kì í jẹ́ kó lè mí. Ó ní, "Ẹ ò pa á, nígbà náà. Màmá mi, ẹ ò pa á. Ẹ má bínú sí mi." Ó ní òun máa wálé lópin ọdún, òun máa lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì òun ṣì wà.

Mo ti sá a lóòrùn. Mo ti fọ aṣọ ìbora. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbọ́ fún ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti gbọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, irọ́ sì ni. Èmi ni mo kó àwọn tí àìsàn wọn le síbi kápúsù, tí mo fi àwọn tí tiwọn fúyẹ́ síbi omi iyọ̀. Bí wọ́n ṣe jọ dé òpin lọ́jọ́ kan náà, bóyá kápúsù ló sáré bá wọn, bóyá kò sì ṣe nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mò ń wá láyé, ọwọ́ mi ni mo fi bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mo fẹ́ dákẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ lọ́la pé n kò fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí ọmọ mi wálé, kí n dákẹ́ títí màá fi kú.

Ọ̀gá ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé ìwòsàn tó wà lágbègbè wa. Ó kà á fún mi létí: kí wọ́n yéé fún àgbàlagbà ní kápúsù fún kátà tó wọ egungun ojú, omi iyọ̀ tó. Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni awakọ̀ yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń kọjá lọ ni, ó ní kí òun kí mi. "Màmá, ká ní kì í ṣe kápúsù yẹn ni, ẹ̀ bá ti gbàgbé orúkọ mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rí nǹkan! Ẹnu ìwé kò bá tiyín mu o, awakọ̀."

Níbì kan, nọ́ọ̀sì kan máa ka lẹ́tà yẹn. Ọkọ rẹ̀ máa wà ní yàrá kejì, kò ní máa ké. Ó máa sọ fún un pé kó lọ fọ imú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Mo ti sọ ọ́.

Mo tètè dé kí oòrùn tó ga. Mo ní kí Ọ̀gá bá mi dé yàrá mi. Mo ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé, mo di ìwé kékeré kan sínú ọ̀kan nínú àwọn àpò lẹ́tà òfìfo tí a kò lò, mo gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, òun náà gbé e sókè, ó kà á. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga aláìsàn.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé yìí hàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún.

"Èmi ni mo ra àpò lẹ́tà yìí," ó ní. "Mi ò gbé e síwájú iná wò." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún, ó ń nù ún lọ. "Kí ló dé, Màmá? Ẹ̀yin?"

Mo sọ ti Káfíńtà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò sunkún. Òun ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, Màmá. Ǹ bá má ti kó kọ́kọ́rọ́ yẹn lé yín lọ́wọ́. Ǹ bá ti mọ̀ pé ẹrù yẹn wúwo jù fún yín."

Mo bi í bóyá ó ṣeé tún ṣe. Ó ní kò ṣeé tún ṣe. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, gbogbo ìrora tí wọ́n kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó di àtùnbẹ̀rẹ̀. Ó yọ lẹ́tà rẹ̀ lápò, ó fà á ya sí méjì, ó sì rọra kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ọjọ́rú, 17

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ. Ọ̀gá ní òun máa tẹ̀ lé mi, mo ní rárá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo dúró, mo sọ fún un pé nọ́ńbà 48 ni tirẹ̀, pé kápúsù ló wà nínú rẹ̀, pé mo gbé e fún ẹlòmíràn nítorí pé ó ń ké. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó fọwọ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní kí n máa lọ.

Mo pe ọmọ mi nígbà tí mo délé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ fún mi?" ó ní. "Mo ti dárí jì yín láti Sátidé, Màmá. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ ò jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó ní òun ò ní lè wálé mọ́ lópin ọdún, iṣẹ́ pọ̀. Mo ní ó dáa. Mo ní òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kìíní

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ, eruku. Kátà mú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Mo fi imú sí ọrùn ẹ̀wù Káfíńtà láàárọ̀. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo fun imú, mo tún gbé e. Kò sí nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, mo bo ẹ̀wù náà mọ́ ojú bí ọmọdé, ó kàn jẹ́ aṣọ lásán.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ọjọ́ kọkànlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wúwo, eyín òkè ń ro mí. Mo lọ sílé ìwòsàn, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi ti gbogbo èèyàn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà lákọ̀tun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ọ̀sì tuntun ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Màmá, mo lè tọ́jú yín láìkọ yín sínú ìwádìí. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i."

Mo ní rárá. Mo ti gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni mẹ́tàlélógún, ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́ nọ́ńbà kan.

Àpò lẹ́tà tuntun náà dúdú, ó nípọn bí awọ bàtà. Nọ́ọ̀sì tuntun bi mí nípa ìrora mi. Mo ní mẹ́fà, nítorí mẹ́fà ni. Ó ṣí àpò náà níṣojú mi, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, bóyá ẹnì kan ti sọ ìtàn mi fún un. Omi iyọ̀.

Ọmọ mi pè nírọ̀lẹ́. Mo ní kátà díẹ̀ ló mú mi. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní ọjọ́ kọkànlá. Ó bi mí ohun tí mò ń lò. Mo sọ fún un. Fóònù já.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Ọmọ mi dé lọ́sàn-án pẹ̀lú báàgì kan. Kò kí mi. Ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó fà mí dé ojú fèrèsé, ó yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀, òsì lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wo ọ̀tún. Ó wò ó pẹ́.

"Kò wú," ó ní.

"Kò wú."

"Tó bá wú lọ́la, mi ò ní bèèrè lọ́wọ́ yín o. Màá gbé yín lọ ni."

Ó lọ sídìí ààrò, ó se omi, ó bu iyọ̀ sí i, ó dúró tì mí títí mo fi fọ imú mi tán. A ò sọ̀rọ̀ Káfíńtà. A ò sì sọ̀rọ̀ òjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Máàkì ìrora: méjì. Òótọ́ ni. Láràárọ̀ ló ń gbé ojú mi síwájú fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Oókan láti ọjọ́rú, òdo láti àná. Omi iyọ̀ wò mí sàn. Kò wo bàbá rẹ̀ sàn. Èèyàn méjì kì í ṣe ìwádìí, n kò sì ní kọ́ ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Òórùn nìkan ni kò tíì padà. Ọ̀gá ní ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè má padà mọ́, lọ́jọ́ orí mi.

Ọmọ mi ń padà lọ lọ́la. Nígbà tó ń di ẹrù, mo já ẹ̀wù náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé e fún un. Mo ní, "Bá mi gbóòórùn ẹ̀. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Ó fi ojú bọ ọrùn ẹ̀wù náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Kí lo gbọ́?"

"Igi. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àti àtè." Ó tún fi imú kan án. "Àti Bàbá fúnra wọn."

Ọdún kan àti oṣù méje ti kọjá, ilẹ̀kùn yẹn kì í sì í tì dáadáa. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ fún mi. Imú mi ò lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, n kò sì wo ojú rẹ̀ jù. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.